Gbogbo Wa La Mọ Iṣẹ́, Ta Ló Wá Ń Ba Iṣẹ́ Jẹ́?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan, kí ẹ sì fọwọ́ sọ́kàn dáhùn. Bí ọdún bá parí, tí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù APER fún yín ní ọ́fíìsì, kí ni ẹ máa ń kọ síbi tí wọ́n ti ní kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ bí ẹ ti ṣiṣẹ́ sí? Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà kọ ọ́ fún ọdún mọ́kànlá gbáko: "Mo ṣe gbogbo iṣẹ́ tí a yàn fún mi láìkù síbì kan."

Ẹ wọ ilé iṣẹ́ ọba èyíkéyìí tó bá wù yín, kí ẹ tú fáìlì wò. Kò sí ọ̀lẹ níbẹ̀. Kò sí apẹ́lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ń ti ọ́fíìsì lọ sí ọjà ní aago mọ́kànlá àárọ̀. Gbogbo wọn ló tayọ, gbogbo wọn ló yẹ fún ìgbéga. Ó dáa. Ẹ jáde síta wàyí, kí ẹ bi bàbá arúgbó tó ń wá fáìlì owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ láti yàrá dé yàrá. Ẹ bi ìyá tó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn láti aago mẹ́fà, tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi kanjú. Bí gbogbo wa bá mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ta ló wá ń ba iṣẹ́ jẹ́? Àbí iwin ni?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè má dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbọ́ ọ. Àyẹ̀wò ara ẹni tí a bá ṣe níwájú ẹni tó di owó oṣù wa mú, tàbí níwájú ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá, kì í ṣe àyẹ̀wò rárá. Ìpolówó ọjà ni. Ẹni tó bá sì polówó ara rẹ̀ pẹ́ títí, yóò gbà gbọ́ níkẹyìn pé kò sí ọjà tó dà bí tòun. Ọjọ́ tó bá ti gbà bẹ́ẹ̀ gbọ́ ló ti dẹ́kun àtidàgbà.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ibi báyìí la ti bẹ̀rẹ̀. Láyé ìjọba òyìnbó àti fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, ìwé àṣírí ni ọ̀gá máa ń kọ nípa ọmọ abẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún. Annual Confidential Report ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá á kọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, á dì í pa, á fi ránṣẹ́ sókè. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ nípa rẹ̀ kò ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èèyàn lè wà lójú kan náà fún ọdún márùn-ún, kó máa lọ sílé aláàdúrà àti ilé babaláwo, kó má mọ̀ pé bíró ọ̀gá òun ló so òun mọ́lẹ̀.

Ní ọdún 1974 ni ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ gbé àbọ̀ rẹ̀ nípa iṣẹ́ ọba fún ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon. Lára ohun tí wọ́n dá lábàá ni pé kí ìwé àṣírí yẹn dópin. Wọ́n ní kí ọ̀gá àti ọmọ abẹ́ rẹ̀ jọ jókòó, kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí iṣẹ́ tí ọdún náà yóò ṣe, kó jẹ́ iṣẹ́ ni wọn yóò fi wọn èèyàn, kì í ṣe ojú rere. Ibẹ̀ ni fọ́ọ̀mù APER ti ṣẹ̀, tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi rí àyè sọ tẹnu rẹ̀. Èrò rere ni. Dígí ni wọ́n gbé fún wa ká máa wo ojú ara wa.

Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbà tó gbó sẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà pé kí ni Údójì mú wá. Dígí kọ́ ni wọn yóò dárúkọ. Owó ni! Wọn yóò sọ bí owó àjẹsílẹ̀ ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn ní ọdún 1975, wọn yóò sọ nípa rédíò, fíríìjì àti alùpùpù tí àwọn rà, wọn yóò sì sọ bí ọjà ṣe gbówó lórí lẹ́yìn rẹ̀. A gba owó, a fi dígí kọ́ ara ògiri, a da ojú rẹ̀ délẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń bú ẹlòmíràn. Ara mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ tú. Tíṣà ìṣirò ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ní ilé ẹ̀kọ́ gíráma kan tí n kò ní dárúkọ. Ní ọdún kìíní mo fara balẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù mi. Ní ọdún kejì mo da ti ọdún kìíní kọ. Nígbà tó di ọdún kẹta, ìyàwó mi ló ń bá mi dà á kọ, nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ọ̀gá wa náà kì í kà á. Á ní, "Tíṣà, ṣé bíi ti èṣí náà ni?" Màá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà." Ó parí. Á fọwọ́ sí i.

Ní kíláàsì ńkọ́? Màá kọ iṣẹ́ sójú pátákó, màá yára ṣe é, màá yíjú padà: "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo kíláàsì á hó gèè: "Yẹ́ẹ̀s sà!" Inú mi á dùn. Mo mọ̀ ọ́n kọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ó di ọdún kan, èsì ìdánwò WAEC dé. Nínú ọmọ mọ́kànlélógójì tí mo kọ́ ní ìṣirò, mẹ́fà péré ló yege. Mo dá àwọn ọmọ lẹ́bi. Mo dá òbí lẹ́bi. Mo dá ìjọba lẹ́bi. Mo tilẹ̀ dá bọ́ọ̀lù lẹ́bi. Ní oṣù kìíní tó tẹ̀ lé e, fọ́ọ̀mù dé, ìyàwó mi bá mi dà á kọ: "Mo ṣe gbogbo iṣẹ́ tí a yàn fún mi láìkù síbì kan." Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n gbé mi ga.

Ìyá kan tó ń ta ata ló dá mi dúró lọ́jà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó fìdí rẹmi.

"Tíṣà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ."

"Ẹ máa wí, Ìyá. Kò sí ìbínú."

"Bí ata mi kò bá tà, kì í ṣe oníbàárà ni mo kọ́kọ́ máa ń bú. Màá tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ agbọ̀n. Bó bá ti rọ̀ nísàlẹ̀, màá mọ̀ pé ọwọ́ mi ló wà. Mẹ́fà nínú ọmọ tó tó yẹn, Tíṣà! Ṣé ẹ ti tọwọ́ bọ agbọ̀n tiyín?"

Mo fẹ́ bínú. Ṣé ìyá aláta ni yóò kọ́ mi níṣẹ́ tíṣà? Ṣùgbọ́n mi ò lè sùn lóru ọjọ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé mo ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀, mo ní kó jókòó, mo ní kó sọ òtítọ́ fún mi, n kò ní nà án. Ó pẹ́ kó tó la ẹnu.

"Sà, ẹ̀kọ́ yín dùn. Ṣùgbọ́n ẹ máa ń yára. Láti kíláàsì kejì ni ìdá kò ti yé mi. Bí ẹ bá ti kọ ìdá sójú pátákó báyìí, ọkàn mi á ti kúrò níbẹ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Sà, ẹ máa ń ní kí ẹni tí kò bá yé dìde. Ẹni tó bá sì dìde, ẹ̀yin náà lẹ máa ń pè é ní olódo."

Ẹ̀yin ará, gbólóhùn yẹn wọ̀ mí lára. Mo wá rí i pé irọ́ tí àwọn ọmọ ń pa fún mi náà ni èmi ń pa fún ọ̀gá. Wọ́n ń sọ pé "Yẹ́ẹ̀s sà" nítorí ẹ̀rù. Èmi ń kọ "láìkù síbì kan" nítorí owó. Ọ̀gá mi náà sì ń kọ tirẹ̀ sí àwọn tó wà lókè. Irọ́ kan náà ló ń gun àkàbà láti kíláàsì dé olú ilé iṣẹ́, bó sì ti ń gòkè ni wọ́n ń lẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Àwọn baba wa ti wí pé ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Wọ́n tún ní bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ kùkù ara rẹ̀. Kí ẹ má sì rò pé àléébù aláwọ̀ dúdú ni. Ní ọdún 1981, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ola Svenson tẹ ìwádìí kan jáde. Ó ní kí àwọn kan tí ń wa mọ́tò ní Amẹ́ríkà àti ní Sweden fi ara wọn wé àwọn tí wọ́n jọ kópa nínú ìwádìí náà. Nínú ọgọ́rùn-ún ará Amẹ́ríkà, 93 ló ní òun wà lára ìdajì tó mọ ọkọ̀ wà jù. Ní Sweden, 69 ni. Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin tó mọ ìṣirò: láti ìgbà wo ni ìdajì ọgọ́rùn-ún ti di 93?

Ní ọdún 1999, Justin Kruger àti David Dunning ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe tiwọn. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdánwò, wọ́n sì ní kí kálukú sọ ipò tó rò pé òun wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó jẹ́ pé èèyàn 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n borí, rò pé àwọn borí èèyàn 62. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ló fojú kéré ipò tí wọ́n wà. Àlàyé wọn ni pé ìmọ̀ tí èèyàn fi ń ṣe nǹkan dáadáa, òun náà ló fi ń mọ̀ pé òun ṣe é ní ìṣekúṣe. Ẹni tí kò ní àkọ́kọ́, níbo ni yóò ti rí ìkejì?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, "Bí èèyàn kò bá lè rí ìpàkọ́ ara rẹ̀, kí ló kù tí a óò tún máa yẹ ara wa wò sí? Ká fi sílẹ̀ fún ọ̀gá, kó parí." Rárá o! Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀run. Bó bá gẹ irun tán, dígí ńlá wà níwájú yín. Yóò wá mú dígí kékeré kan sẹ́yìn orí yín. Ìgbà náà lẹ óò rí ìpàkọ́ yín. Dígí méjì ni iṣẹ́ náà gbà, ọ̀kan níwájú yín, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó ní dígí iwájú nìkan yóò máa yin ara rẹ̀. Ẹni tó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ojú ẹlòmíràn ni yóò máa wò títí yóò fi kú.

Ohun tí èmi ṣe rèé, kò sì ná mi ju iye owó ìwé kíkọ kan lọ. Mo gé ìwé pélébé-pélébé. Bí ẹ̀kọ́ bá parí, màá pín in fún àwọn ọmọ: "Kọ ohun kan tí kò yé ọ lónìí. Má kọ orúkọ rẹ." Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lé ní ìdajì kíláàsì tó kọ "ìdá". Ọmọ kan kọ ọ́ pé, "Sà, ohùn yín ń bà mí lẹ́rù." Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbé ọsàn wá sí kíláàsì, a là á, a pín in, a jẹ ẹ́, a fi ọ̀sẹ̀ méjì padà sórí ìdá kí n tó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Mo sì fi orúkọ náà, olódo, sílẹ̀ títí láé.

Lẹ́yìn èyí, mo lọ wá ìwé tí àwọn olórí ayẹ̀wéwò WAEC máa ń kọ lẹ́yìn ìdánwò. Wọ́n máa ń sọ níbẹ̀, láti iṣẹ́ dé iṣẹ́, ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣubú. Ní ìṣirò, wọ́n ti tọ́ka sí ìṣirò tí a fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀ àti àwọn òfin òbírí lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà fún ọdún mọ́kànlá, mi ò kà á rí! Àwọn méjì yẹn ni mo sì máa ń sáré kọjá lórí wọn, torí pé àwọn ló máa ń jẹ àsìkò mi.

Ìkẹta ni ìwé kan tí mo fi pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Ọ̀gá kò rí i rí. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń kọ ìlà mẹ́ta sínú rẹ̀: kí ni mo ní màá ṣe lọ́sẹ̀ yìí? Kí ni ẹ̀rí pé mo ṣe é? Ohun kan ṣoṣo wo ni màá yí padà lọ́jọ́ Ajé? Ẹ̀rí ni mo wí o, kì í ṣe èrò ọkàn. Télọ̀ kì í fi ẹnu sọ pé òun mọ aṣọ rán. Ẹ ní kó gbé aṣọ wá kí ẹ wo ojú rírán rẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo ọmọ yege lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọn kò yege tán. Ṣùgbọ́n mẹ́fà di mẹ́rìndínlógún, mo sì lè sọ ohun tó fà á. Ìyá aláta rí mi lọ́jà, ó bu ata lé e fún mi. Mi ò gba ìgbéga kankan lọ́dún yẹn.

Àwọn kan tún ń wí pé, "Tíṣà, bí mo bá kọ òtítọ́ sí fọ́ọ̀mù, ṣé ìwọ ni yóò fún mi ní owó tí wọ́n bá dá dúró?" Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Mi ò bú wọn. Àwọn tó gbé ètò náà kalẹ̀ ni mo bá wí. Láti ọdún 1965 ni Herbert Meyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ròyìn ohun tí wọ́n rí ní ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà: bí ìjíròrò nípa owó àti ìjíròrò nípa àléébù iṣẹ́ bá wáyé lẹ́ẹ̀kan náà, òṣìṣẹ́ yóò máa gbèjà ara rẹ̀ ni, kò ní kọ́ ohunkóhun. Wọ́n ní kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, àwa ṣì ń fi ìkòkò kan se ọbẹ̀ àti oògùn.

Nínú ètò àtúnṣe iṣẹ́ ọba ti ìjọba àpapọ̀ fún ọdún 2021 sí 2025, wọ́n kéde pé ètò tuntun yóò rọ́pò APER. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n bí owó àti ẹ̀rù bá tún jókòó sórí tábìlì kan náà pẹ̀lú òtítọ́, ẹ yí orúkọ fọ́ọ̀mù náà padà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ìyàwó oníkálùkù á máa bá a dà á kọ lọ ni.

Mo sì ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹni tó ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ẹ má ní kí ọmọ abẹ́ yín jẹ́wọ́ àléébù rẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin kò tíì sọ ẹyọ kan nínú tiyín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ara yín. Ẹ bi wọ́n pé, "Kí ni mò ń ṣe tó ń dí yín lọ́wọ́?" Bí wọ́n bá dákẹ́, tàbí tí wọ́n ní "Kò sí o, sà", ẹ má yọ̀. "Yẹ́ẹ̀s sà" lẹ gbọ́ yẹn.

Kí n tó ká ẹnu kò, àyẹ̀wò ara ẹni kì í ṣe bíbú ara ẹni o. Mo mọ aránṣọ kan tó ti mọ iṣẹ́ ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, síbẹ̀ tó ń gba ìdajì owó torí ó rò pé òun kò tíì tó. Irú rẹ̀ náà nílò dígí méjì. Kó to aṣọ tó ti rán sílẹ̀, kó bi àwọn tó wọ̀ ọ́, kó sì gba ohun tó bá rí gbọ́. Ẹni tó ju ara rẹ̀ lọ lójú ara rẹ̀ àti ẹni tó rẹlẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, òṣùwọ̀n àwọn méjèèjì ti jó.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fi fọ́ọ̀mù ìjọba sílẹ̀ ná. Lálẹ́ òní, kí ọmọ tó sùn tán, ẹ mú bíró àti ìwé. Ẹ kọ ohun kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ yín tí ẹ mọ̀ pé ó ti ń rọ̀ nísàlẹ̀ agbọ̀n. Lọ́la, ẹ wá ẹnì kan tí kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, tí kò sì bẹ̀rù yín, ẹ bi í léèrè bóyá ohun tí òun náà rí nìyẹn. Bí ó bá sọ nǹkan mìíràn, tí inú bá bí yín, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìpàkọ́ yín gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn yín.